Ìwé gbèsè mílíọ̀nù mẹ́rin náírà: bí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣe bá kánsù yanjú ọ̀rọ̀ owó orí

Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò tóbi. Ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ló wà, ó ní ìwé àṣẹ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó ogún. Ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn onílé, àwọn ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn kan, báǹkì kékeré kan, àti ibùdó kan tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà tàbí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, torí àdéhùn tó parí ìjà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wa jọ jẹ́ gbígba oníṣòwò nímọ̀ràn lórí owó orí, torí mo rí i pé ọ̀nà méjì péré ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé: kí oníbàárà wá nǹkan fi sí àwọn agbowó lọ́wọ́ kí wọ́n lè lọ, tàbí kó kọ̀wé pé kánsù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun. Oníbàárà yìí ti gbìyànjú méjèèjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Méjèèjì ló dá kún ìṣòro rẹ̀.

Ohun tó ní, àti ohun tí wọ́n ní kó san

Ó ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, ó mọ ògiri yí i ká, ó ri màásìtì onírin tó ga ju ọgbọ̀n mítà lọ sí i, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní ojú títì, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń san owó, pátákó ńlá kan sì wà lókè rẹ̀. Ó gbé díìṣì sí orí òrùlé àwọn oníbàárà tó ń ra ọjà púpọ̀, ó tún so díẹ̀ mọ́ màásìtì ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń fi màásìtì háyà. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kánsù kan, ó ri okùn fáíbà 400 mítà mọ́ ibẹ̀ láti màásìtì rẹ̀ dé àdúgbò tí ilé ìwé pọ̀ sí.

Ní apá ìparí ọdún 2024, àwọn ọkùnrin mẹ́ta mú ìwé wá. Orúkọ kánsù ló wà lókè rẹ̀, àmọ́ kọ́ńsọ́tánǹtì kan tí kánsù gbé iṣẹ́ owó gbígbà fún ló kọ ọ́. ₦4,140,000 ni wọ́n béèrè, kí ó sì san án láàárín ọjọ́ 7. Owó màásìtì lọ́dọọdún jẹ́ ₦1,500,000. Owó rédíò, bí wọ́n ṣe pè é, jẹ́ ₦50,000 lórí díìṣì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní díìṣì 22 ni, ìyẹn ₦1,100,000. Owó okùn tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá jẹ́ ₦600,000. Owó iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦500,000. Owó àyíká, nítorí èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀, jẹ́ ₦250,000. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n to àwọn owó kéékèèké sí: owó orí ilé lórí ilẹ̀ màásìtì ₦85,000, owó pátákó ₦60,000, owó ṣọ́ọ̀bù ₦25,000, owó ìdọ̀tí ₦20,000.

Wọ́n fi gbólóhùn kan parí ìwé náà: pé ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lómìnira láti gbé owó orí tó bá wù ú kalẹ̀. Mo ti rí gbólóhùn yìí nínú ìwé kánsù mìíràn náà, kò sì yẹ ká jẹ́ kó kọjá láìfèsì. Ìdájọ́ yẹn ní gómìnà kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bọ̀ láti àpò àpapọ̀ mú, ó sì ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso kánsù. Kò fi owó orí kankan kún èyí tí kánsù ní àṣẹ láti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ìwé sí kò kúkú mọ èyí. Ohun tó rí ni orúkọ ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè lábẹ́ gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè ọdún kan fún un.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ojúlùmọ̀ kan tó ń ta epo, ẹni náà sì sọ fún un pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é ni kó ṣe é. Ó pe olórí àwọn mẹ́ta náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dín in kù." Wọ́n fẹnu kò sí ₦200,000, ó sì kó o fún wọn lówó. Ìwé kékeré kan tí kò ní òǹtẹ̀ ìjọba ni wọ́n fún un, wọ́n ní rìsíìtì gidi ń bọ̀.

Rìsíìtì kò dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn tún mú ìwé kan náà wá, iye kan náà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó sọ pé òun ti san nǹkan, wọ́n ní kò sí lákọsílẹ̀. Bí ètò náà ṣe rí ló fa èyí: kọ́ńsọ́tánǹtì ń gba ìdá kan nínú owó tó bá wọlé, ó sì ń rán àwọn ọmọọṣẹ́ tí òun náà ń fún ní ìdá. Owó tó bá parí sọ́wọ́ ọmọọṣẹ́ kò dé ìwé kọ́ńsọ́tánǹtì, ká má tíì sọ ti kánsù. Ohun tí ₦200,000 yẹn ṣe ni pé ó fi hàn wọ́n pé ẹni yìí ní owó, ó sì ń bẹ̀rù.

Ó wá yí padà pátápátá. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, òótọ́ sì ni: tẹlifóònù àti ìgbì aláìlókùn wà lára ohun tí Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fi sábẹ́ àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ nìkan. Ó fi ìyẹn kọ̀wé sí kánsù pé òun kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, kí wọ́n má tún wá sí ọ́fíìsì òun mọ́. Kò ya owó pátákó sọ́tọ̀, kò sì ya owó ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kọ̀.

Lẹ́tà yẹn ló fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá. Pátákó rẹ̀ wà lójú títì fún gbogbo ayé láti rí, kò sì tíì san owó rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ gbèsè tó dájú pé ó jẹ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn lójú ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn agbowó dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, wọ́n fi ṣéènì ti géètì ilẹ̀ màásìtì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ gbẹ epo lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè wọlé bu epo sí i. Bátìrì kú ní ìdájí. Ilé ìwòsàn kò rí ìwé aláìsàn wò lórí kọ̀ǹpútà, ibùdó ìdánwò sì ní àwọn ọmọ tó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n padà sílé láìṣe nǹkan kan.

Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún mi nígbà tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣí i. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé òun gbà pé òun jẹ gbèsè ₦4,140,000, pé òun yóò san ìdajì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó fọwọ́ sí i. Wọ́n sì ṣí géètì. Ọjọ́ kejì ló pè wá.

Títo ìwé náà

Èmi àti lọ́yà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó ti ìwé náà. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a béèrè lórí owó kọ̀ọ̀kan pé: òfin wo ló dá a, ta ni òfin náà ní kó gbà á, kí sì ni wọ́n ń gbà á lé lórí?

Ìwé méjì la fi wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́ ni Àfikún Kẹrin nínú Òfin Orílẹ̀-èdè, tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1998, òfin Number 21, tó to àwọn owó orí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Ogún ni ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú rẹ̀: owó ṣọ́ọ̀bù, owó orí ilé, owó ọjà, owó gáréèjì, owó ibi ìpẹran, owó pátákó, owó ìdọ̀tí, owó ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ìbí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn amòfin ń jiyàn lórí bí òfin 1998 náà ṣe lágbára tó, torí pé àṣẹ ológun ni, tó sì bẹ̀rẹ̀ nípa gbígbé ara rẹ̀ lé Òfin Orílẹ̀-èdè lórí. Nítorí náà a kò gbé gbogbo ẹrù wa lé e. Ohun tí a lè fi ìwé méjèèjì gbè lẹ́sẹ̀ nìkan la kọ sílẹ̀.

Mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ìwé gbèsè náà, àpapọ̀ wọn ₦190,000, dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Márùn-ún tó wà lókè, tí wọ́n jẹ́ ₦3,950,000, la ní láti yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Owó iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù. Kò sí nínú ogún náà, kò sí nínú Àfikún Kẹrin, èrè ilé iṣẹ́ sì jẹ́ ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí lé lórí. Oníbàárà wa ń san owó orí ilé iṣẹ́ àti VAT fún FIRS, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà (NRS ló ti dì báyìí), ó sì ń san owó ọdọọdún fún NCC. Owó àyíká náà kò sí nínú ogún náà. Síbẹ̀ a lọ wo ibẹ̀, a sì bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń dà wọ́n láàmú gan-an. A ní kí oníbàárà gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri, kó sì kọ́lé bò ó. Ó ṣe é. Ìyẹn kò dín gbèsè kù ní tààrà, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀sùn tí kánsù lè fi kó àwọn ará àdúgbò lẹ́yìn kúrò nílẹ̀.

Owó rédíò ló gba ìrònú jù. Kọ́ńsọ́tánǹtì náà kì í ṣe òmùgọ̀. Àfikún Kẹrin sọ gbangba pé kánsù lè gba owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn sì ń pe díìṣì wọn ní rédíò. Bí ẹ bá ka Òfin Orílẹ̀-èdè nìkan, ẹ lè rò pé ó jàre. Òfin 1998 ló tú u: ó fún kánsù ní owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì yọ ẹ̀rọ tó ń tan ìgbì jáde kúrò nínú rẹ̀. Rédíò tí ènìyàn ń gbọ́ ìròyìn nínú ilé ni owó náà wà fún láti ilẹ̀. Díìṣì íntánẹ́ẹ̀tì ń tan ìgbì, ó sì ń gbà á, ẹni tó ń pín ìgbì sì ni ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ NCC.

Bí a tilẹ̀ gbà pé owó náà tọ́, iye díìṣì kò tọ̀nà. A ka díìṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ oníbàárà. Mẹ́sàn-án péré ló wà lórí òrùlé nínú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Méje wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kejì, lódì kejì odò. Mẹ́fà wà lórí màásìtì ilé iṣẹ́ mìíràn, èyí tó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú kánsù. Ibo ni wọ́n ti wá rí 22? Lórí Facebook ilé iṣẹ́ náà ni, níbi tí oníbàárà wa ti polówó pé òun ti dé ibi 22.

Ibi tí kánsù ti jàre díẹ̀

Okùn abẹ́ ilẹ̀ yàtọ̀. Àfikún Kẹrin fi kíkọ́ àti títún ọ̀nà àdúgbò ṣe sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọn ní láti gba àṣẹ, ó sì ní láti dí i padà dáadáa. Oníbàárà wa gba àṣẹ ẹnu lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò, ó gbẹ́ ẹ, ó sì fi yẹ̀pẹ̀ lásán dí i. Òjò ọdún kan ti gbá yẹ̀pẹ̀ náà lọ. Nígbà tí mo rìn ín láti òpin dé òpin, àwọn obìnrin tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà náà fi ibi tí ọmọ ti ṣubú hàn mí. Mo sọ fún oníbàárà pé ní ti èyí, àwọn ará ìlú ni a jẹ ní gbèsè, yálà kánsù béèrè tàbí kò béèrè.

Iye tí wọ́n ní kó san nìkan ni a bá wọn jiyàn lé lórí. Ní 2013, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ₦145 lórí mítà kan ni kí àwọn ìpínlẹ̀ máa gbà fún okùn tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn gómìnà sì tún gbà bẹ́ẹ̀ ní 2020. Èkìtì sọ tirẹ̀ kalẹ̀ sí ₦145 ní ọdún náà, láti ₦4,500 tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Kwara sọ tirẹ̀ di ₦1 lórí kìlómítà kan. Àdéhùn yẹn kò de kánsù ní tààrà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òṣùwọ̀n tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe òótọ́ kò lè gbé sọ nù. 400 mítà ní ₦145 jẹ́ ₦58,000. Kánsù béèrè ₦600,000.

Màásìtì ló le jù, ohun tó sì jẹ́ kó le wà lọ́dọ̀ oníbàárà wa. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, pé ètò ìlú àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Torí náà ọ́fíìsì ètò ìlú ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní àṣẹ láti gbé màásìtì dúró, kì í ṣe kánsù. Ọ̀rọ̀ náà dùn títí a fi béèrè ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Kò ní. Ó gba ti NCC, ó rò pé ó tó.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn wa ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí oníbàárà fẹ́. Ó fẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì. Ká ní a gbé e lọ, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà kánsù yóò béèrè ni ìwé àṣẹ màásìtì, a ó sì ti fi ẹnu ara wa pe ìpínlẹ̀ wá fi àmì sí i fún wíwó. Bí ẹni tó ń jó nínú ilé tí òpó rẹ̀ ti jẹrà ni yóò rí. A ní kó lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ ná. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó san owó, ó san ìtanràn, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá yẹ irin náà wò, iye tó ná níbẹ̀ sì ju gbogbo ohun tó padà san fún kánsù lọ. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ ni agbára wa bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì tírẹ́súrà

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a ṣe ohun kan tí mo kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. A wá nọ́ńbà àkáǹtì tí kánsù fi ń gba owó orí, láti ọ́fíìsì kánsù fúnra rẹ̀. Nígbà tí a fi wé èyí tó wà lórí ìwé gbèsè, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti kọ́ńsọ́tánǹtì ló wà lórí ìwé gbèsè. Oníbàárà san owó ṣọ́ọ̀bù, owó pátákó àti owó ìdọ̀tí, ₦105,000 lápapọ̀, sínú àkáǹtì kánsù gan-an. A fi ìwé báǹkì ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà pé a ti san ohun tí a jẹ, pé a fẹ́ kí wọ́n wá wọn ilẹ̀ màásìtì kí a lè mọ owó orí ilé tó tọ́, kí wọ́n sì fi òfin tó gbé àwọn owó yòókù ró hàn wá.

Ìyá àgbà kan ni tírẹ́súrà, ìyẹn olùtọ́jú owó, kánsù náà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba kí oníbàárà wa tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. A kí i, a dọ̀bálẹ̀, ó ní ká jókòó. Ó fi ìwé báǹkì náà sí ọwọ́ kan, ó fi ìwé gbèsè sí ìkejì, ó wò wọ́n títí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló fún yín ní nọ́ńbà tó wà lórí èyí?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà ni, Mà."

"Owó wo lẹ ti san síbẹ̀?"

Oníbàárà sọ ti ₦200,000 tó fi lé wọn lọ́wọ́. Màmá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mi ò rí i o. Kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ẹ kọ ọjọ́ àti ẹni tó gbà á."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí. Àwa máa ń sọ "kánsù" bí ẹni pé ènìyàn kan ni. Alága fẹ́ owó tí yóò fi ṣe nǹkan tí àwọn olùdìbò máa rí. Kọ́ńsọ́tánǹtì fẹ́ ìdá tirẹ̀, iye tó wà lórí ìwé sì ni ìdá náà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí òfin gbà. Tírẹ́súrà ló máa ṣàlàyé ìwé owó fún àwọn ayẹ̀wé owó ìpínlẹ̀, ohun tó sì ń dẹ́rù bà á ni owó tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà tó ti san ₦105,000 sínú àkáǹtì tó tọ́ wúlò fún un ju ẹni tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù mẹ́rin tí kò ní san láé lọ.

Òun ló ran wá sí ọ̀gá ọ́fíìsì òfin. Ìyẹn fi òfin kánsù tí wọ́n gbé owó màásìtì àti owó rédíò lé hàn wá. Ojú ewé mẹ́rin ni, alága fọwọ́ sí i. Lọ́yà wa béèrè ọjọ́ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ jókòó lé e lórí, àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní kò tíì dé iwájú wọn. Kò sí ohun tí a fi kún un. A kàn kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i.

Ìkìlọ̀ ẹjọ́, àti bó ṣe parí

Alága kò fẹ́ jẹ́ kí owó márùn-ún náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní oníbàárà ti fọwọ́ sí gbèsè. Ìdí nìyí tí lọ́yà fi kọ ìkìlọ̀ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ní ká fún kánsù ní oṣù kan kí a tó pè é lẹ́jọ́, ẹni tó bá fo èyí yóò rí i kí ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ nù láìgbọ́ ọ. Ìkìlọ̀ náà sọ nǹkan mẹ́ta. Pé ìwé àdéhùn tí ènìyàn fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ti ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa kì í ṣe ìjẹ́wọ́ gbèsè, òfin kò sì lè tipa rẹ̀ dá owó orí tí kò sí sílẹ̀. Pé òfin 1998 kọ lílo ọlọ́pàá fún owó orí àfi bí òfin owó orí fúnra rẹ̀ bá gbà á, ó sì fi ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá gba owó tí kò ní àṣẹ láti gbà. Pé àṣẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ti ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ ohun pàtàkì orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá sì ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ní ẹjọ́ láti jẹ́. A fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NCC. A ṣọ́ra láti má sọ pé àṣẹ 2024 náà yọ ilé iṣẹ́ kúrò nínú owó orí, torí kò yọ ọ́. Lọ́yà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fún ẹgbẹ́ kejì ní ohun tí wọ́n máa fi bi í ṣubú.

Kí oṣù náà tó pé, wọ́n pè wá. Ohun tí a fọwọ́ sí rèé. Kánsù fa owó iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, owó rédíò, owó àyíká àti owó màásìtì sẹ́yìn fún 2024 àti 2025, àyàfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe òfin mìíràn. Wọ́n fagi lé ìwé àdéhùn ọgbọ̀n ọjọ́ náà. Oníbàárà san ₦58,000 fún okùn, ó sì tún ọ̀nà náà ṣe lójú onímọ̀ ẹ̀rọ kánsù. Owó orí ilé ni kò lọ bí oníbàárà ṣe rò: nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ màásìtì lótìítọ́, ó di ₦140,000 dípò ₦85,000. Ó fẹ́ kọ̀. A wo bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, a kò rí àṣìṣe níbẹ̀, a ní kó san án. Gbogbo ohun tó wọ àkáǹtì kánsù wá jẹ́ ₦303,000. ₦200,000 àkọ́kọ́ kò padà.

Ohun tí a yí padà nínú iṣẹ́ wa

Gbogbo oníbàárà wa tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ìwé kan báyìí tí a kọ gbogbo díìṣì, òpó àti okùn wọn sí, ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí òrùlé rẹ̀, àti ìwé àṣẹ tó gbé e ró. Nígbà tí a ń ṣe é fún ẹlòmíì, a rí màásìtì méjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, a tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. A tún sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá kọ sórí Facebook nípa bí iṣẹ́ wọn ṣe gbòòrò tó, agbowó náà ń kà á.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a ń kọ fèsì kì í kọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ó máa ń ya èyí tí a jẹ sọ́tọ̀, ó sì máa ń ní ìwé báǹkì lára. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa gbà pé sísan díẹ̀ jẹ́ gbígbà pé gbogbo rẹ̀ tọ́. Ohun tí mo rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó san owó ìdọ̀tí rẹ̀ ní ẹnu láti béèrè òfin owó rédíò, ẹni tí kò san nǹkan kan kò ní in. Owó ọwọ́ kò sí mọ́ rárá, bó ti wù kó kéré tó. Bí wọ́n bá sì ti ibi iṣẹ́ oníbàárà pa, kó pe lọ́yà kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kódà bí oníbàárà tirẹ̀ bá ń pariwo lórí fóònù.

A tún ní láti ka gbogbo ìwé wa ní àkàtúnkà nítorí àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí àwọn tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ọ̀kan nínú wọn dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tó ń san owó orí. Fún ilé iṣẹ́ tí kò lè gbé owó lọ́yà, ó yẹ kí ibẹ̀ wà lára ibi tí a kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí.

Ní ti oníbàárà yìí, àdéhùn rẹ̀ kò de alága tó ń bọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, ó ń san owó mẹ́rin tó jẹ sínú àkáǹtì kánsù kí ìwé kankan tó dé, ó ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí tírẹ́súrà àti ọ́fíìsì òfin, ó sì ń béèrè nínú lẹ́tà kan náà pé bí òfin tuntun bá wà, kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ tí a ti tẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí òun.